Bí Ẹgbẹ́ Àánú Àwọn Obìnrin Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Châtillon

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí jẹ mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ju bí ó ti jẹ mọ́ ìwàásù lọ. Ẹni tí ó bá ti bímọ rí ní agboolé ńlá, tàbí tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ rí ní àdúgbò tí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀, yóò tètè mọ ibi tí mo ń lọ. Ní ọjọ́ kìíní, oúnjẹ kì í lóǹkà. Ẹni kan gbé àmàlà wá, ẹlòmíràn gbé iyán, ẹ̀kọ wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé yóò jẹun títí wọn yóò fi sùn sórí ẹní láìwẹsẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ìdajì ọbẹ̀ ti kan, wọ́n ti dà á fún ajá. Nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kẹsàn-án, tí ìyá ìkókó kò tíì lágbára àtidáná, ẹnikẹ́ni kò yà mọ́. Kì í ṣe pé àwọn ará àdúgbò burú. Àánú ṣe wọ́n ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni ó ṣe gbogbo wọn.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1617, nígbà tí ó kù ju igba ọdún lọ kí àwọn òjíṣẹ́ Ìhìnrere tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Châtillon-les-Dombes ni wọ́n ń pe ìlú náà nígbà náà. Châtillon-sur-Chalaronne ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Apá àríwá Lyon ni ó wà, ó sì ní ọjà tirẹ̀ àti ilé ìwòsàn kékeré. Láti inú ohun tí àwọn obìnrin ìlú yìí ṣe ni ẹgbẹ́ àánú àwọn obìnrin inú Ìjọ Àgùdà ti jáde.

Àlùfáà tí ó wà níbẹ̀ ni Vincent de Paul. Ẹ má ṣe rò pé a bí i pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yà á sínú àwòrán. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ará abúlé Pouy lẹ́bàá ìlú Dax, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún. Ó da ẹran nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i pé orí ọmọ náà pé, wọ́n ní ó ta màlúù méjì láti fi rán an lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1600, ó ti gba oyè àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ohun tí ó ń wá nígbà náà kò sì fara sin: ipò tí owó wà níbẹ̀, tí yóò fi lè padà sí ilé, kí ó sì tọ́jú ìyá rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ó di ọdún 1613, ó rí ibi gbámúṣé wọ̀, ó di olùkọ́ ọmọ nínú ilé ìdílé Gondi. Baálé ilé náà, Philippe-Emmanuel de Gondi, ni olórí àwọn ọkọ̀ ogun ọba tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń fi àjẹ̀ wà. Ilẹ̀ ìdílé náà pọ̀, abúlé tí ó wà lábẹ́ wọn kì í ṣe méjì.

Àlùfáà mìíràn ì bá jókòó ti ọbẹ̀ ọlọ́ràá yìí. Ṣùgbọ́n ọkàn Vincent kò balẹ̀ níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ó ti rí bí àwọn tálákà orí ilẹ̀ àwọn Gondi ti ń gbé. Ní ọdún 1617 ó kúrò, ó sì gba ìjọ Châtillon, ibi tí ẹnikẹ́ni kò jìjàdù sí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọjọ́ 20 oṣù Ògọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti kà á, ó ń wọ aṣọ ìsìn lọ́wọ́ kí ó tó ṣe Mísà, nígbà tí obìnrin kan wá bá a pé ilé kan wà lẹ́yìn ìlú, gbogbo ará ilé náà ni àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, kò sí ẹni kan nínú wọn tí ó lè bu omi fún ẹnì kejì. Vincent mẹ́nu bà á nínú ìwàásù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìyókù ìtàn náà nígbà ogbó rẹ̀, ní 1646. Lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, òun àti ọkùnrin ará ìlú kan mú ọ̀nà ilé náà pọ̀n. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n bá àwọn obìnrin lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn mú púpọ̀, àwọn mìíràn sì ti jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà láti gba atẹ́gùn. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ì bá fi pè é ní ìwọ́de ọjọ́ ọdún. Búrẹ́dì, ẹran, ọbẹ̀, olúkúlùkù gbé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi yìí. Bí ó bá ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a máa ń sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ, inú wa yóò dùn dé orí. A ó ní ìwàásù mi wọlé. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó sì lọ sùn. Vincent rí ohun mìíràn. Ó rí i pé oúnjẹ tí ó wọ ilé náà ní ìrọ̀lẹ́ kan yìí ju ohun tí àwọn aláìsàn lè jẹ lọ. Apá kan nínú rẹ̀ yóò bàjẹ́, àwọn ènìyàn náà yóò sì padà sí ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àánú pọ̀ níbẹ̀, ètò ni kò sí. Kò tún gun àga ìwàásù láti fi èyí dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kó àwọn obìnrin náà jọ, ó sì bi wọ́n bóyá wọn kò lè pín ọjọ́ láàrin ara wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dáná ní ọjọ́ tirẹ̀, kì í ṣe fún ilé kan yìí nìkan, bí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni tí àìsàn bá tún dá dùbúlẹ̀ ní ìlú.

Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìwàásù yẹn, ní ọjọ́ 23 oṣù Ògọ́ọ̀sì, wọ́n ti kọ àdéhùn kékeré kan sílẹ̀. Lára àwọn obìnrin ìbẹ̀rẹ̀ náà ni Françoise Baschet àti Charlotte de Brie, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n rọ́wọ́ mú ní ìlú. Wọ́n gbé ètò náà yẹ̀ wò fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gbé òfin ẹgbẹ́ lọ síwájú àwọn aláṣẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Lyon. Wọ́n fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ 24 oṣù Nòfẹ́ńbà, wọ́n sì fi ìdí ẹgbẹ́ náà múlẹ̀ nínú ilé àdúrà ilé ìwòsàn ìlú ní ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Wúńdíá. Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí oṣù mẹ́ta yẹn. Wọ́n ti ń se ọbẹ̀ tipẹ́ kí òfin tó dé.

Òfin náà sì rèé, ó dùn ún kà ju bí ọ̀pọ̀ òfin ẹgbẹ́ ti máa ń rí lọ. Àwọn opó, àwọn tí ó wà nílé ọkọ àti àwọn ọmọge lè wọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n aya yóò gba àṣẹ ọkọ, ọmọ yóò gba àṣẹ òbí. Ogún ni wọn kò gbọdọ̀ jù, kí rúdurùdu má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n yan ìyá ẹgbẹ́ kan, pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ àti akápò. Owó wà nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ méjì, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹni ọ̀tọ̀. Akápò yóò máa jíhìn lọ́dọọdún. Orúkọ tí wọ́n sì fún ara wọn ni ìránṣẹ́ àwọn tálákà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó wú mi lórí jù ni ibi tí òfin náà ti kọ́ wọn bí a ti ń bọ́ aláìsàn. Ìwọ̀n oúnjẹ wà níbẹ̀: búrẹ́dì tí yóò tó o, ẹran ọmọ màlúù tàbí ti àgùntàn tí ó wọn áúnsì 5, ọbẹ̀ olómi, àti ọtí wáìnì díẹ̀. Ní ọjọ́ tí Ìjọ kò jẹ ẹran, ẹyin àti bọ́tà díẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè jẹ ohun líle, omi ẹran àti ẹyin tútù ni yóò gbà, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kúrò lórí ìwọ̀n, ó di ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ wọlé yóò kọ́kọ́ kí aláìsàn pẹ̀lú ọ̀yàyà. Yóò gbé àtẹ sórí ibùsùn, yóò tẹ́ aṣọ funfun lé e, yóò gbé ife, ṣíbí àti búrẹ́dì kalẹ̀. Yóò bu omi sí aláìsàn lọ́wọ́ kí ó wẹ̀ ẹ́, yóò gbàdúrà sí oúnjẹ, yóò wá bu ọbẹ̀. Yóò rọ̀ ọ́ kí ó jẹun, yóò fi ọ̀rọ̀ tí ó mú inú dùn pa á lẹ́rìn-ín bí ó bá rí i pé ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Yóò gé ẹran fún un bí kò bá lè gé e. Bí ìyá ti ń ṣe fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni kí ó ṣe é.

Ohun kan sì wà nínú òfin náà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ti gbé abọ́ oúnjẹ láti ilé dé ilé rí nìkan ni ó lè rò ó. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tí ènìyàn wà lọ́dọ̀ wọn ni kí ó kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó dá nìkan wà ni kí ó fi parí, kí ó lè ráyè jókòó tì í pẹ́. Bí mo bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n orí tí ń ṣe ètò láti inú ọ́fíìsì, mo ṣe bí mo ì bá ní kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìyà ń jẹ jù, oúnjẹ rẹ̀ ì bá gbóná, ṣùgbọ́n kíákíá ni ẹni náà ì bá padà jáde kúrò níbẹ̀ nítorí àwọn tí ó kù. Lójú tèmi, ọwọ́ àwọn obìnrin Châtillon wà nínú ìlà yìí, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gègé Vincent ni ó kọ ọ́.

Kí ọdún 1617 tó parí, Vincent ti padà sí Paris, nítorí àwọn Gondi kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò kú lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà sì mú òfin rẹ̀ lọ́wọ́ dé ibikíbi tí ó bá ti lọ wàásù: ní Villepreux, ní Joigny, ní Montmirail, ìyàwó Gondi fúnra rẹ̀ wà nínú èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ wọn.

Ní àwọn ibì kan wọ́n gbìyànjú láti da ọkùnrin àti obìnrin pọ̀. Kò gún. Vincent jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé àwọn ọkùnrin fẹ́ máa di gbogbo nǹkan mú, àwọn obìnrin kò sì gbà fún wọn. Ó sì fi kún un pé, ní ti owó àwọn tálákà, òun kò rí ẹ̀sùn kankan tí òun lè fi kan ìṣirò àwọn obìnrin. Àwọn ọkùnrin tí ń ka ìwé yìí kò ní í bínú sí mi. Ẹni mímọ́ Ìjọ ni ó sọ ọ́.

Ìṣòro tí ó le jù dé nígbà tí ẹgbẹ́ wọ Paris ní ọdún 1629 sí 1630. Ní Châtillon, obìnrin tí ó rọ́wọ́ mú díẹ̀ lè gbé ìkòkò kọjá ojú títì, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ní Paris, àwọn ìyàwó ìjòyè ni wọ́n kọ orúkọ. Wọ́n lówó, wọ́n ní àánú lójú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ilé àwọn tálákà ga, ó dọ̀tí, àrùn wà níbẹ̀, ọkọ wọn kò sì fẹ́ gbọ́ pé aya òun ń ru abọ́ kiri. Nítorí náà wọ́n ń rán ìránṣẹ́bìnrin. Ìránṣẹ́bìnrin sì ń gbé ọbẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́. Ibi yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà ì bá ti di ohun tí a ń fi owó ṣe láti òkèèrè, tí ìlà tí ó ní kí á kí aláìsàn pẹ̀lú ọ̀yàyà ì bá sì di ọ̀rọ̀ lásán lórí ìwé.

Ọmọ abúlé kan ni ó yanjú rẹ̀. Marguerite Naseau ni orúkọ rẹ̀, ará Suresnes lẹ́bàá Paris ni, wọ́n bí i ní 1594. Iṣẹ́ màlúù dídà ni ó ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó rán an lọ sí ilé ìwé, ó ra ìwé a-bí-dí, ó ń mú un lọ sí pápá, ẹnikẹ́ni tí ó bá jọ ẹni tí ó mọ̀wé tí ó bá kọjá, yóò dá a dúró pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a ń pe èyí?" Báyìí ni ó ṣe mọ̀wé, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin abúlé mìíràn. Nígbà tí ó gbọ́ nípa ẹgbẹ́ àánú, ó wá bá Vincent pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí àwọn ìyáàfin kò lè ṣe. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn ní Paris láti 1630. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1633, ó gba obìnrin kan tí àjàkálẹ̀ àrùn ń ṣe sórí ibùsùn òun fúnra rẹ̀, àrùn náà sì pa á.

Àwọn ọmọbìnrin àgbẹ̀ mìíràn ti tẹ̀lé e kí ó tó kú. Ẹni tí ó kó wọn jọ ni Louise de Marillac, opó kan tí wọ́n bí ní 1591. Ọkọ rẹ̀, Antoine Le Gras, kú ní 1625. Láti oṣù Mèé ọdún 1629 ni Vincent ti ń rán an kiri láti bẹ àwọn ẹgbẹ́ wò káàkiri ìlú. Ara rẹ̀ kò le, síbẹ̀ ó ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń gun ẹṣin. Bí ó bá dé ìlú kan, yóò wo ìwé ìṣirò owó, yóò bi wọ́n léèrè ẹni tí kò wá ní ọjọ́ tirẹ̀, yóò wọ ilé àwọn aláìsàn fúnra rẹ̀, yóò sì kọ́ àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1633, ó gba ọmọbìnrin díẹ̀ sínú ilé rẹ̀ láti máa bá a gbé. Bí Àwọn Ọmọbìnrin Àánú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ayé ìgbà náà, inú ọgbà ni wọ́n ń ti obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́; àwọn wọ̀nyí kò ní ọgbà, ìgboro ni ibi iṣẹ́ wọn, aṣọ ọmọ abúlé ni wọ́n sì wọ̀.

Àwọn ìyáàfin náà kò káwọ́ gbera. Ní 1634, opó kan tí ń jẹ́ Goussault kó wọn jọ fún iṣẹ́ ní Hôtel-Dieu, ilé ìwòsàn ńlá Paris, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń sùn ní púpọ̀ lórí ibùsùn kan. Ní 1638 wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ tí a ń gbé jù sí ìgboro. Ilé kan wà tí wọ́n ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò sàn ju ìgboro lọ púpọ̀. Wọ́n ń ta àwọn ọmọ náà fún alágbe ní owó tí kò tó nǹkan. Ìyáàfin náà kò ní agbára láti gba gbogbo wọn. Méjìlá ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ìbò ni wọ́n sì dì láti mọ èyí tí yóò wà nínú méjìlá náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Nígbà tí ó yá, wọ́n gba àwọn tí ó kù pẹ̀lú. Owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán wọn pátá ní 1647, Vincent sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti máa bá a lọ.

Louise kú ní oṣù Máàṣì ọdún 1660, Vincent sì tẹ̀lé e ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún kan náà. Ìjọ kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1737. Ó di 1934 kí wọ́n tó ka Louise. Ìjì tí ó jà ní ilẹ̀ Faransé nígbà tí wọ́n dojú ìjọba ọba bolẹ̀ tú ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ká, wọ́n sì tún un gbé dìde ní nǹkan bí 1840. Ó dé St. Louis ní Amẹ́ríkà ní 1857. Láti 1971, ẹgbẹ́ wọn kárí ayé ń jẹ́ AIC, ọdún 1617 ni wọ́n sì ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí.

Àwọn ará Ìjọ Àgùdà tí ó wà láàrin yín lè máa rò pé ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul tí ó wà nínú ìjọ tiwọn ni mo ń sọ. Rárá, ti ìyẹn yàtọ̀. Ọdún 1833 ni Frédéric Ozanam àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo wọn, dá a sílẹ̀ ní Paris. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kóra jọ tán, wọn kò mọ ilé tálákà kan tí wọn yóò wọ̀. Wọ́n rán wọn lọ sọ́dọ̀ Rosalie Rendu, ọ̀kan nínú Àwọn Ọmọbìnrin Àánú, tí ó ti ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ní àdúgbò àwọn òtòṣì ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni ó fún wọn ní orúkọ àwọn ìdílé tí wọn yóò bẹ̀ wò àti ìwé tí wọn yóò fi gba búrẹ́dì fún wọn, ó sì sọ fún wọn bí a ti ń kí ènìyàn kí á tó wọlé.